Ìsinmi Tọkọtaya ní Erékùṣù Sal Lásìkò Ọyẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Àwọn tọkọtaya tí mo mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Àgọ́-Ìwòyè, Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ló bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Àwọn kan bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ní ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn mìíràn sì pè mí lóru nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti lo ìsinmi níbẹ̀, mo sì ti bá àwọn mìíràn ṣètò tiwọn. Mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́mọ, tó ń náwó òde láti ọdún dé ọdún, ẹ̀tọ́ wọn ni kí àwọn méjèèjì sinmi pọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní wá kan ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Níbo ni Sal wà gan-an, kí ló sì dé tó jẹ́ ibẹ̀ lẹ máa ń dárúkọ?

Sal jẹ́ ọ̀kan nínú erékùṣù mẹ́wàá tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè Cabo Verde, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí Cape Verde. Inú Òkun Àtìláńtíìkì ló wà, nǹkan bí 570 kìlómítà sí etíkun Sẹ̀nẹ̀gà. Àwọn Pọtogí ló ṣàkóso ibẹ̀ títí di ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1975. Èdè Pọtogí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n Kriolu ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà. Sal kò tóbi: gígùn rẹ̀ tó bí 30 kìlómítà, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju 12 lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gbẹ, kò sí odò níbẹ̀. Omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá ń retí igbó kìjikìji bíi ti Ọmọ kò ní rí i. Òkun, iyanrìn funfun, oòrùn àti atẹ́gùn ló wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń dárúkọ rẹ̀ ni pé Cabo Verde wà nínú ECOWAS, nítorí náà a kì í gba fìsà kí a tó lọ. Ìdí kejì ni ojú ọjọ́. Ní oṣù Kìíní, ìgbà òjò ni ní Mauritius àti Seychelles, ìjì líle sì máa ń jà ní Mauritius lásìkò yẹn. São Tomé sún mọ́ wa ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n òjò ṣì ń rọ̀ níbẹ̀ láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Karùn-ún. Zanzibar dára ní oṣù Kìíní, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ jìn, ọ̀rọ̀ fìsà rẹ̀ sì máa ń gba sùúrù. Ẹni tó fẹ́ sinmi kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi oṣù méjì sá eré káàkiri lórí ìwé.

Ìgbà wo ló dára jù kí a lọ?

Láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Ẹ má lọ ní Kérésìmesì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì máa ń ga nígbà náà, òtẹ́ẹ̀lì máa ń kún fún àwọn òyìnbó tó sá fún òtútù, àwọn ẹbí sì ń bọ̀ wálé láti Èkó àti òkè òkun. Ẹni tí kò bá sí nílé lọ́jọ́ ọdún, gbogbo agboolé ló máa béèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọdún kọjá, kí àlejò lọ tán, kí àwọn ọmọ wọlé ẹ̀kọ́, kí ẹ tó di ẹrù yín.

Lásìkò yẹn, ọ̀sán ní Sal máa ń wà ní nǹkan bí 24 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, alẹ́ sì máa ń bọ́ sí 19 tàbí 20. Òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá, torí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ni tiwọn. Omi òkun tutù díẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ara máa ń gbà á. Atẹ́gùn ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún: oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ló máa ń le jù, àwọn tó ń fi kíìtì ńlá sáré lórí omi sì máa ń ti ibi gbogbo wá nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kedere, torí àwọn kan rò pé àwọn ti sá fún ọyẹ́ pátápátá. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà tó ń gbé ọyẹ́ wá bá wa nílé máa ń gba orí òkun dé Cabo Verde náà. Bruma seca ni wọ́n ń pè é. Ó lè bo ojú ọ̀run fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ó sì máa ń dí bàálù lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Nítorí náà, ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ máa padà dé lẹ mọ́ ọjọ́ tí ẹ máa wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kó fi oògùn tó ń fà símú sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe inú ẹrù tó máa wọ abẹ́ bàálù.

Fún àwọn tọkọtaya mùsùlùmí: ní ọdún 2027, ààwẹ̀ Ràmàdáánì yóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù Kejì, bí oṣù bá ṣe yọ. Ẹ tètè lọ, kí ẹ padà dé kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Ṣé òótọ́ ni pé a kò nílò fìsà? Ẹnìkan ní wọ́n dá ọmọ Nàìjíríà padà níbẹ̀.

Òtítọ́ ni méjèèjì. Òfin ECOWAS gba ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà láyè láti wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba fìsà. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ẹ wá ṣe àti bí ẹ ṣe máa gbọ́ bùkátà ara yín. Wọ́n máa ń wo àwọn ọmọ Nàìjíríà dáadáa, ó sì ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa kò níwà ibi lọ́kàn. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni pé kí ìwé wa pé pérépéré.

Ẹ tẹ gbogbo nǹkan wọ̀nyí sórí bébà, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù: tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ìwé òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti san owó rẹ̀, ìwé báńkì oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ibi iṣẹ́ tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò yín, àti ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó. Páálí yín kó ṣì ní ó kéré tán oṣù mẹ́fà kó tó kú. Àwọn tó ń wọlé láìgba fìsà máa ń forúkọ sílẹ̀ lórí ojúewé EASE ti ìjọba Cabo Verde ní ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán kí wọ́n tó gbéra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń san owó ààbò pápákọ̀ òfurufú, escudo 3,400 (owó ilẹ̀ wọn) fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí òṣìṣẹ́ bá bi yín léèrè, kí ìdáhùn yín ṣe ṣókí, kó sì bára mu. Kí ọkọ má sọ pé ọjọ́ méje, kí ìyàwó sì wí pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń fi omijé ojú bẹ àwọn èèyàn lé lórí: ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ yín ni o, ọmọ ìjọ yín ni o, ẹni tó ní àpò ẹ̀gúsí lásán ni o. Ẹ dákun, ẹ kọ̀.

Abẹ́rẹ́ wo la máa gbà? Ṣé ibà wà níbẹ̀?

Ẹ gbọ́dọ̀ ní yẹ́lò káàdì, torí Cabo Verde máa ń béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó rìnrìn àjò. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan kò nílò àtúngbà, títí ayé ni. Ọ̀dọ̀ Port Health, ẹ̀ka ìlera ìjọba tó ń mójú tó àwọn arìnrìn àjò, ni kí ẹ ti gba káàdì tòótọ́. Káàdì tí wọ́n ń tà lábẹ́ igi kò ní àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, abẹ́rẹ́ kò sì sí nínú ara ẹni tó rà á.

Ní ti ibà ẹ̀fọn, àjọ ìlera àgbáyé kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé Cabo Verde ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí ilẹ̀ adúláwọ̀ bíi tiwa ni. Ṣùgbọ́n àrùn dengue, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri pẹ̀lú, máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ mú ìpara ẹ̀fọn dání. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín níbẹ̀, tàbí kété tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà pé ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn wà lẹ ti wá. Dókítà tí kì í rí i lójoojúmọ́ lè má tètè rántí láti wò ó.

Báwo la ṣe máa dé ibẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Rẹ́mọ?

Ìkẹjà lẹ ó ti wọ bàálù. Pápákọ̀ òfurufú tó wà nítòsí Ìpẹru kò ní gbé yín lọ sí Sal. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìkẹjà jẹ́ bí 100 kìlómítà, ṣùgbọ́n gbogbo ará Rẹ́mọ ló mọ̀ pé títì Èkó sí Ìbàdàn lè sọ ọ́ di ìrìn àjò ọjọ́ kan. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí àwọn èèyàn ń wọ́ lọ sí Redemption City, ẹ kúrò nílé ní òwúrọ̀ kùtù, tàbí kí ẹ sùn sí Ìkẹjà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn kan máa ń gba Ẹ̀pẹ́ jáde sí Lẹ́kìí, ìyẹn náà ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tirẹ̀.

Ẹ̀yin máa yí bàálù lọ́nà. Àwọn ọ̀nà tó rọrùn jù ni ti Dakar àti ti Casablanca, tí wọ́n ti máa ń fò lọ sí Praia, olú ìlú Cabo Verde ní erékùṣù Santiago. Láti Praia, bàálù kékeré ló máa gbé yín dé Sal, kò tó wákàtí kan. Ẹ ṣọ́ra fún tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Lisbon kọjá. Ó lè dín lówó, àmọ́ Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo fìsà kan náà, ń béèrè fìsà lọ́wọ́ wọn kódà láti yí bàálù lásán. Bàálù kì í lọ lójoojúmọ́ ní gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, nítorí náà ẹ fi ọjọ́ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún kò tó: ojú ọ̀nà lẹ máa lò ó tán sí.

Ọkọ mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi àti àwọn ọmọ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún kejì rèé tí a ti rí ara wa. Ṣé a lè pàdé níbẹ̀?

Ìyá mi, ẹ̀yin gan-an ni mo ní lọ́kàn jù lọ bí mo ṣe ń kọ gbogbo èyí. Ilé tí ọkọ ti wà lókè òkun, tí ìyàwó sì wà nílé, pọ̀ ní Ìjẹ̀bú ju bí a ṣe ń sọ lọ. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń dúró de fìsà Britain kí wọ́n tó rí ara wọn, bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, ọdún mìíràn ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ibìkan wà láàárín tí ẹ̀yin méjèèjì lè dé.

Bàálù tààrà wà láti Gatwick àti Manchester sí Sal, ó ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Bí páálí Nàìjíríà ni ọkọ yín ń lò, ẹ̀tọ́ ECOWAS kan náà ló ní. Bí ó bá ti gba ti Britain, ó lè wọlé láìgba fìsà fún 30 ọjọ́, kó ṣáà ti forúkọ sílẹ̀ lórí EASE. Ohun tó gbọ́dọ̀ mójú tó ni àbọ̀ rẹ̀: bí ìwé ìgbélùú ló ń lò, kó rí i pé eVisa rẹ̀, ìyẹn ìwé ìgbélùú orí ẹ̀rọ ayélujára, wà lórí páálí tó fẹ́ fi rìn gan-an, torí káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti òpin ọdún 2024. Kó sì bi agbẹjọ́rò rẹ̀ léèrè tí ìwé rẹ̀ bá ṣì wà níwájú ìjọba. Ẹni tó ń dúró de èsì lè ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ bó bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí ó dé ṣáájú yín ní ọjọ́ kan, kó lè wá pàdé yín ní pápákọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó ilé, ilẹ̀ àti ẹbí bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì tó ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ọdún méjì ní láti tún kọ́ bí a ṣe ń jókòó ti ara ẹni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ojú lè máa ti yín. Kì í ṣe ohun àjèjì, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ jẹun pọ̀, ẹ rìn lórí iyanrìn, ẹ sùn. Ọ̀rọ̀ yóò máa wá fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá tí ẹ bá ní, bóyá kí ó padà wálé tàbí kí ẹ kó lọ bá a, ẹ fi í sí ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí ara ti balẹ̀, kó má sì jẹ́ alẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa túká.

Èló ló máa ná wa?

Mi ò ní kọ iye náírà, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè di irọ́ lọ́la. Tíkẹ́ẹ̀tì ló máa gba owó jù. Òtẹ́ẹ̀lì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà oúnjẹ. Owó ìjọba kékeré kan tún wà tí àlejò ń san lóru kọ̀ọ̀kan, kò tó yúrò 3 fún ẹnì kan.

Owó escudo ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ yúrò, yúrò 1 jẹ́ escudo 110.265, kì í yí padà. Ní Sal wọ́n ń gba yúrò ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà yúrò ni kí ẹ mú lọ, kí ó jẹ́ owó kéékèèké. Náírà kò wúlò níbẹ̀ rárá. Ẹ bi báńkì yín léèrè bóyá káàdì yín ń ṣiṣẹ́ lókè òkun àti iye tí wọ́n gbà kó ná lóṣù.

Ìmọ̀ràn mi lórí bí ẹ ṣe máa rí owó náà kò le. Ṣebí a mọ àjọ dídá nílẹ̀ wa. A ń dá àjọ ẹran Iléyá, a ń dá àjọ aṣọ ẹbí, a ń dá ti orí òrùlé. Ẹ dá ti ìsinmi lọ́tọ̀, láti oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, kí alájọ má sì gbé e fún yín ṣáájú oṣù Kẹwàá. Kí ọkọ dá tiẹ̀, kí ìyàwó dá tiẹ̀. Ẹ wo iye òde tí ẹ lọ lọ́dún tó kọjá, aṣọ, gèlè, owó tí ẹ ná lójú agbo, epo ọkọ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má lọ òde; èmi náà fẹ́ràn òde, ara ayé wa ni. Mo kàn ní kí ẹ yọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ kò gbọdọ̀ yá owó lọ. Ẹni tó bá jẹ gbèsè nítorí ìsinmi, kò ní rí oorun sùn níbẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá tàbí ilé àlejò kékeré?

Ìlú Santa Maria, ní gúúsù erékùṣù náà, ni kí ẹ dé sí. Ilé àlejò kékeré wà láàárín ìlú, ó dín lówó, ẹ sì máa jẹun pẹ̀lú ará ìlú. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó gba owó oúnjẹ àti ohun mímu mọ́ owó yàrá wà lẹ́bàá òkun. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ilé kékeré. Ṣùgbọ́n fún obìnrin tó ti ń ronú "kí la máa jẹ lálẹ́ yìí?" láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ńlá yẹn lè jẹ́ ẹ̀bùn tó tóbi jù tí ọkọ rẹ̀ lè fún un. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bi ìyàwó yín kí ẹ tó sanwó.

Kí la máa ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́?

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó le. Àwa Ìjẹ̀bú, tí a bá ti jókòó fún wákàtí kan, ó máa ń dà bí ẹni pé owó kan ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ sùn títí oòrùn á fi ga. Ẹ jẹun, kí ẹ tún sùn. Àárẹ̀ tó wà lára yín kì í ṣe ti ìrìn àjò yẹn nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí afárá igi tó wọ inú òkun ní Santa Maria láàárọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń gbé ẹja wọn sókè, túnà ńláńlá, tí àwọn obìnrin á máa là á lórí igi, tí owó á máa yí ọwọ́. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìwópin tàbí Mákùn-Omi kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ẹ gba takisí lọ sí Pedra de Lume. Inú ihò òkè oníná tó ti kú ni, omi òkun ń yọ́ wọ ibẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀, oòrùn ń fà á gbẹ, iyọ̀ sì ń kù. Láyé àtijọ́ wọ́n ń kó iyọ̀ ibẹ̀ lọ sí Brazil. Àwọn òpó igi tí wọ́n fi ń fa iyọ̀ gba orí òkè ṣì dúró síbẹ̀. Iyọ̀ inú omi náà pọ̀ débi pé kò ní jẹ́ kí èèyàn rì. Ẹ kàn dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, omi á gbé yín. Ẹ wọ sálúbàtà torí ilẹ̀ rẹ̀ ń gún ẹsẹ̀, ẹ má fá irun ara lọ́jọ́ náà, ẹ má sì jẹ́ kí omi kan ojú. Bàbá àwọn ọmọ mi, tí kì í bọ́ fìlà níta, léfòó níbẹ̀ títí mo fi pè é pé oòrùn ti ń le.

Buracona wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn: ihò kan nínú àpáta tí oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wọ̀ tí omi á fi tàn búlúù. Ní ìhà ìlà oòrùn, ibì kan wà tí àwọn ọmọ ẹja àkùrákudà ti ń wẹ̀ nínú omi tí kò ju orúnkún lọ, ẹ lè dúró láàárín wọn pẹ̀lú afinimọ̀nà. Ìjàpá òkun kì í sí lásìkò yìí, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń wá yé ẹyin.

Lálẹ́, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ morna. Orin pẹ̀lẹ́ ni, gìtá àti ohùn, UNESCO sì fi sínú àkójọ ogún ìran ènìyàn ní ọdún 2019. Olórin Cesária Évora, ọmọ ìlú Mindelo ní Cabo Verde, tí a bí ní 1941 tó sì kú ní 2011, ló gbé e yí ayé ká láìwọ bàtà lórí ìtàgé. Èèyàn kò ní láti gbọ́ èdè náà kó tó mọ̀ pé orin àárò ilé ni. Ẹ di ọwọ́ ara yín mú nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ yín níbẹ̀.

Ṣé a máa rí oúnjẹ tó bá wa lára mu? Mùsùlùmí ni wá.

Ẹja ni ìdáhùn. Ẹja tútù pọ̀ níbẹ̀, wọ́n máa ń yan án, wọ́n sì ń fi ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ sí i. Oúnjẹ ìlú wọn gan-an ni cachupa: àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́ tí wọ́n sè pọ̀ títí tó fi rọ̀, bí àdàlú tí a sọ ọbẹ̀ sí. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, torí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú èyí tí wọ́n ń sè fún àlejò. Ẹ sọ pé cachupa de peixe lẹ fẹ́, ìyẹn èyí tó jẹ́ ẹja, kí ẹ sì tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Grogue ni ọtí wọn, láti ara ìrèké ni, ó sì lágbára. Àwọn tó ń mutí náà kí wọ́n rọra.

Ata wọn kò tó ata wa. Ẹ mú ata gígún díẹ̀ dání, àti gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa nínú ọ̀rá tí a dì. Gàrí tútù pẹ̀lú ẹja yíyan lẹ́bàá òkun lọ́sàn-án, mi ò tíì rí oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì tó bá a dọ́gba.

Ẹ̀rù omi ń bà mí, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ẹ lè gbádùn Sal láìwẹ̀ rárá. Iwájú Santa Maria ni omi rẹ̀ rọ̀ jù. Ẹ má ju ìbàdí lọ, kí ẹ sì wo àsíá. Bó bá pupa, ẹ jókòó sórí iyanrìn. Ẹ má súnmọ́ omi ní etíkun Ponta Preta, torí ìgbì ibẹ̀ máa ń ga lásìkò ọyẹ́. Àwọn ọkùnrin wa tó wẹ̀ nínú odò ní kékeré ni ẹ̀rù wọn ń bà mí jù. Òkun kì í ṣe odò.

Kí la máa sọ fún ìyá ọkọ mi? Wọ́n máa ní a ń fi owó ṣòfò.

Ọkọ ni kó sọ ọ́, kì í ṣe ìyàwó. Kó lọ bá ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe nílé yín, kó wí pé: "Màámi, ó ti rẹ̀ wá. A fẹ́ lọ sinmi díẹ̀, ẹ bá wa fi àdúrà tì í." Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá, òun ni wọ́n máa sọ pé ó ń tan ọmọ àwọn lọ. Kí ó sọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí màmá má gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò.

Bí àwọn ọmọ bá máa wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ má kàn kó wọn dà sílẹ̀. Ẹ ra oúnjẹ sílé, ẹ san owó ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ẹ wá ọmọbìnrin kan tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá àgbà tó ti tọ́ tiẹ̀ tán kò yẹ kó máa sáré tẹ̀lé ọmọ kékeré láti òwúrọ̀. Ẹ kọ orúkọ dókítà àti nọ́ńbà aládùúgbò sílẹ̀ fún wọn. Mo rí i pé ìyá tí a bá bọ̀wọ̀ fún báyìí kì í pẹ́ yọ́nú, òun gan-an ló sì máa ń wí pé "ẹ tètè máa lọ."

Fóònù ńkọ́?

Aago ibẹ̀ fi wákàtí méjì kéré sí tiwa. Ẹ yan àkókò kan lóòjọ́ tí ẹ máa pe àwọn ọmọ, lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ pa fóònù tì. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́, fún ìjọ, fún ẹni tó ń bá yín ta ọjà ní Òkè-Àjẹ́ pé ẹ kò ní dáhùn. Ẹ̀yin tó ń ta obì ní Ṣágámù, mo mọ̀ pé iye obì lè yí padà lálẹ́ kan, ẹ fi ẹni tí ẹ fọkàn tán síbẹ̀ kó pinnu fún yín. Àwòrán tí ẹ bá yà, ẹ gbé e síta lẹ́yìn tí ẹ bá délé. Kò yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ilé yín ṣófo.

Ṣé ká ran aṣọ?

Àǹkárá kan náà fún ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan péré, fún àwòrán. Ìyókù kó jẹ́ aṣọ tó fẹ́lẹ́, fìlà tó bo ojú, àti súẹ́tà kan fún atẹ́gùn alẹ́.

Ṣé kí a tún lọ sí erékùṣù mìíràn nígbà tí a wà níbẹ̀?

Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ fi méjì sí Praia lójú àbọ̀, kí ẹ lè lọ sí Cidade Velha. Àwọn Pọtogí dá ìlú náà sílẹ̀ ní 1462, UNESCO sì fi sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2009. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú tí wọ́n rà ní etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀ jọ kí wọ́n tó kó wọn sọdá òkun. Òpó òkúta tí wọ́n ń so wọ́n mọ́ ṣì wà láàárín ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Ìjẹ̀bú. Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ Pọtogí kan, kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún nípa ìlú ńlá kan tó ń jẹ́ Geebu, tí yàrà gìrìwò yí ká, ó sì kọ iye ẹ̀gbà idẹ tí wọ́n fi ń ra ènìyàn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé yàrà yẹn ni àwọn àgbà wa mọ̀ sí Ẹrẹ̀dò Súngbọ́. Mo sunkún ní Cidade Velha, mo sì rò pé ó yẹ kí ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá dé Cabo Verde dé ibẹ̀. Kì í ṣe fún ìgbádùn. Ẹ má fi ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́.

Santo Antão lẹ́wà, ó tutù, ó ní òkè àti ewéko, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Sal. Fogo ní òkè oníná tó ga tó mítà 2,829, tó bú gbàù kẹ́yìn láàárín 2014 sí 2015. Ẹ fi ìyẹn sí ìrìn àjò mìíràn.

A ń jà lọ́wọ́. Ṣé ìsinmi máa parí rẹ̀?

Rárá. Ẹ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ẹni tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún. Àárẹ̀ ni ìsinmi ń wò. Bí ó bá jẹ́ pé àárẹ̀ ló ń fa ìbínú yín, ẹ máa rí ìyàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ irọ́, obìnrin ìta tàbí ọwọ́ líle ló fà á, òkun kò lè wẹ̀ ẹ́ nù, mi ò sì ní kí obìnrin tí ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ ń bà bá a lọ síbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Bí owó wa kò bá tó Cabo Verde ńkọ́?

Ẹ lọ sí Ìlàṣẹ̀ tàbí Tárkwà Bay ní Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀, òkun náà ni, iyanrìn náà ni, kò sì sí páálí nínú rẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ lọ, torí ariwo máa ń pọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó nínú ọkọ̀, kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa oorun, fóònù àti ìyá ọkọ, bákan náà ló rí níbẹ̀.